Àtọ̀gbẹ Ló Mú Ẹsẹ̀ Mi Lọ, Kì í Ṣe Àkàbà

Kpakungu,
Minna.

Rìsìkátù Àlàkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí èyí tí ń bẹ nínú rẹ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ara ìyá rẹ le. Ara èmi náà le dé ìwọ̀n tí ara ẹni bíi tèmi lè le dé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ọ̀nà ilé wa ti di ẹrẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ kò fẹ́ wọlé mọ́, etí títì ni wọ́n ń já èèyàn sí.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ, orí fóònù ni mo ti ń sọ ọ́, bí o bá sì ti ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n pè yín padà," ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Èyí kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí o dá dúró láàárín. Jókòó, kà á tán, kí o sì tún un kà. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí òun ni mo lè kọ dáadáa. Mo mọ̀ pé Hausa yá ọ lẹ́nu jù ú lọ. Níbi tó bá ti ṣòro, kà á sókè. Etí rẹ yóò dá ohun tí ojú rẹ kò mọ̀ mọ̀.

Ìyá rẹ ti padà dé láti ọ̀dọ̀ yín l'Ábújá. Ó ròyìn ilé yín fún mi, ó ròyìn bí ìyá ọkọ rẹ ti tọ́jú òun, tó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bu oúnjẹ fún òun. Inú mi dùn. Ìgbà tó ròyìn tán ló wá dákẹ́, mo sì bi í pé kí ló kù. Ó ní ọjọ́ tí ìwọ, òun àti ìyá ọkọ rẹ jọ lọ síbi ìtọ́jú àwọn aláboyún, nọ́ọ̀sì bi ọ́ bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé rẹ ní àtọ̀gbẹ. Ó ní o wo ojú ìyá ọkọ rẹ, o sì dáhùn pé, "Rárá, kò sí." Nọ́ọ̀sì fa ìlà sí i, ó bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Ìyá rẹ ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ òun kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dà bí ẹni pé òun ń pe ọmọ òun ní òpùrọ́ lójú àna.

N kò bínú sí ọ. Ohun tí a bá fi kọ́mọ lọmọ ń mọ̀, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Ọjọ́ tí àwọn àna wa wá mọ̀ wá, kí wọ́n tó dé, wọ́n ti gbé mi jókòó sórí àga, wọ́n ti tẹ́ aṣọ lé mi lẹ́sẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ náà, mo sì ní mo jábọ́ látorí àkàbà níbi iṣẹ́ ni. Bí èmi, ìwọ àti ìyá rẹ ṣe jọ fi í sí nínú yàrá kí wọ́n tó dé ni mo ṣe sọ ọ́. A rò ó pé ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí àìsàn gé lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa béèrè irú ilé tó ti wá. Nítorí náà, irọ́ yẹn, èmi ni mo ni ín. Jẹ́ kí n wá sọ ìtàn ẹsẹ̀ náà fún ọ látìbẹ̀rẹ̀. Iléèwé lo wà nígbà náà, díẹ̀díẹ̀ la sì ń sọ fún ọ, a kò sọ ọ́ tán.

Òùngbẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà nínú oòrùn Minna, ta ni òùngbẹ kò ní gbẹ? Mò ń mu omi, mò ń lọ tọ̀, mo tún ń padà wá mu omi. Bala tó máa ń po sìmẹ́ǹtì fún mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. A ní, "Magini, ka shanye rijiya," ìyẹn ni pé ọ̀gá bíríkìlà, ẹ ti mu kànga gbẹ. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ìyá rẹ gba ìbàdí ṣòkòtò mi wọlé títí kò fi sí ibi tó tún máa gbà wọlé mọ́. Mo lọ sọ́dọ̀ kẹ́mísì tó wà létí títì, mo ní ó ń rẹ̀ mí. Ó fún mi lóògùn ibà. Kò lọ. Ó fún mi lóògùn táífọ́ọ̀dù. Ní àdúgbò wa, o mọ̀ ọ́n, àìsàn méjì ló wà: ibà àti táífọ́ọ̀dù. Ohun yòówù kó ṣe ọ́, ọ̀kan nínú méjèèjì ni kẹ́mísì máa bá ọ tọ́jú.

Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Ó rí i pé èèrà ń ṣù síbi tí mo bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe àtọ̀gbẹ nìyí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àrùn olówó nìyẹn. Àwọn tó ń mu tíì láàárọ̀, tí wọ́n ń mu ún nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń jẹ kéèkì, àwọn ló ń ṣe. Níbo ni èmi ti rí ṣúgà?"

Òun náà gbà pẹ̀lú mi. Gbogbo Kpakungu ni ìbá gbà pẹ̀lú mi. N kò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó ń ru búlọ́ọ̀kù pé òun ní àtọ̀gbẹ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ní in, kí wọ́n máa pè é ní nǹkan mìíràn, bí èmi náà ti ṣe.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, Àlàkẹ́. Àìsàn kì í wo ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àrùn báyìí, ti olówó ni, pé báyìí, ti tálákà ni. Ìwọ tí o ti kúrò ní Kpakungu bọ́ sílé tó ní yàrá púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ṣì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ, kò mọ̀ pé o ti kó lọ.

Àdúgbò Shango, níbí ní Minna, ni mo dákú sí, lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi omi sí mi lára, ojú mi là. Dókítà tó wá bá mi jẹ́ ọ̀dọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, èrò sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ fún mi lédè òyìnbó. Mo gbọ́ òyìnbó tí àwọn onílé fi ń júwe yàrá àti fèrèsé fún mi; òyìnbó ti ọsibítù, n kò gbọ́ ọ. Ó bi mí bóyá ó yé mi. Mo ní, "Yes, sir." Ó kọ oògùn, ó pe ẹlòmíràn.

Nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé mi jáde. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n rí, ó sì fi Hausa sọ fún mi pé, "Baba, kada ka sha sukari, ka ji ko?" Kí n má mu ṣúgà, ṣé mo gbọ́? Mo gbọ́. Látọjọ́ náà, n kò fi ṣúgà sínú kókó mọ́. Tíì tí wọ́n bá fún mi lóde, bí ó bá dùn, mo dá a padà. Mo ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, ìyá rẹ á gbé tùwó kalẹ̀ bí òkìtì, màá sì jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìrẹsì ni. Ọ̀sán, ẹ̀bà. N kò mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Bóyá dókítà sọ ọ́. Bí ó bá sọ ọ́, inú òyìnbó yẹn ló wà.

Oògùn náà, mo lò ó tán. Ara mi balẹ̀. Òùngbẹ lọ. Ṣé bí èèyàn bá lo oògùn ibà tán, tí ara rẹ̀ yá, ó tún ń padà lọ ra òmíràn ni? Mo dúpẹ́ ní mọ́sálásí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ìmọ̀ràn kejì: má ṣe sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún ohun tí kò yé ọ. Mo mọ̀ pé o kàwé, pé òyìnbó kò ṣòro fún ọ. Síbẹ̀, àwọn dókítà ní tiwọn tí ìwọ náà kò gbọ́. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, fi ẹnu ara rẹ tún un sọ fún wọn: "Ohun tí ẹ sọ ni pé kí n ṣe báyìí àti báyìí, àbí?" Bí ó bá yàtọ̀, wọ́n á tún un sọ. Bí wọ́n bá kanra, jẹ́ kí wọ́n kanra. Abéèrè kì í ṣìnà. Èmi tí mo tijú láti béèrè, mo ṣìnà, ọ̀nà náà sì jìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gba iṣẹ́ ilé kan ní Tayi Village. Onílé náà jẹ́ ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba, ará Èkìtì, a ò pè é lórúkọ mìíràn ju Ẹnjiníà lọ. Láràárọ̀ ló máa ń wá, á gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi, á máa wo iṣẹ́. Kì í pariwo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ bi í léèrè ọ̀rọ̀ fèrèsé, mo bá a tó mú ẹ̀rọ kékeré kan dání, tó fi nǹkan gún ara rẹ̀ ní ìka, tí ẹ̀jẹ̀ sì yọ.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Kí ló ṣe yín?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan. Mò ń wo ṣúgà mi kí n tó jẹun ni."

"Ẹ ní àtọ̀gbẹ, sà?"

"Ó ti pẹ́. Ọmọ mi àgbà ṣì wà ní pámárì nígbà tí wọ́n rí i."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, nínú ooru yẹn. Mo ní, "Èmi náà ní in rí, sà. Ọlọ́run ti wò mí sàn."

Ó gbójú sókè. "Ta ló sọ fún ọ pé o ti sàn?"

"Ara mi le, sà."

"Bíríkìlà, a kì í sàn nínú rẹ̀. A máa ń bá a gbé ni. Ó dà bí àna tó wá bá èèyàn gbélé. O ò lè lé e, àmọ́ o gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bí i nínú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mú ọwọ́ wá, jẹ́ ká wo tìrẹ."

Mo wẹ̀yìn. Bala àti àwọn yòókù ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, sà."

Kò fi ipá mú mi. Ó kàn wo ẹsẹ̀ mi, tó funfun fún sìmẹ́ǹtì dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ní, "Bàtà rẹ dà?"

Mo ní, "Sìmẹ́ǹtì ń ba bàtà jẹ́, sà."

Ó ní àwa tí a ní irú àìsàn yìí, a kì í fi ẹsẹ̀ lásán rìn, àti pé kí n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò lálaalẹ́. Mo ní mo ti gbọ́. Ọ̀la tí mo dá kò dé. Bí ó bá ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, èmi á ti gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ẹnjiníà kò gbọ́n jù mí lọ. Bí ó bá gbọ́n jù mí lọ, kì bá máa wá bi mí bí a ṣe ń mú ògiri dúró. Ohun tó mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ, kò já bọ́ lù ú láti òkè. Dókítà ni ẹni tó ń gbé lójúkojú rẹ̀, wọ́n sì jọ ń ṣeré. Ìyàwó rẹ̀ ka bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó bá lọ sọ́sibítù, wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á sì dáhùn ohun tó bá bi wọ́n. Àwọn tó yí i ká mọ̀ ọ́n, òun náà fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tó yí èmi ká, ohun tí mo mọ̀ ni wọ́n mọ̀: má mu ṣúgà, lo oògùn tán, dúpẹ́. Kì í sì í ṣe ìmọ̀ nìkan. Nígbà tó sọ fún mi pé kí n wọ bàtà, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sábẹ́ igi ló ń sọ ọ́ fún ẹni tó dúró nínú àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì.

Ọjọ́ tí a da dẹ́kìn ilé náà, ìyẹn kọnkéré tó máa gbé òkè dúró, àpòpọ̀ wọ inú bàtà rọ́bà tí mo yá wọ̀, ó sì wà níbẹ̀ látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. N kò mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà tí mo fẹ́ ṣe àlùwàlá ni mo rí i pé awọ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ òsì mi ti bó, ó funfun bí ẹ̀kọ. Kò dùn mí. Àìdùn yẹn gan-an ló pa mí lára. Ohun tí kò bá dun èèyàn, èèyàn kì í sáré sí i. Mo fi ìpara pa á. Kẹ́mísì ní kí n tú kápúsù sórí rẹ̀, mo tú u. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìyá rẹ ní ká lọ sọ́sibítù, mo ní kí ó jẹ́ n kọ́ ògiri òkè tán. Nígbà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì di dúdú, mo gbà láti lọ.

Ibẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí tí dókítà ń kọjá níwájú bẹ́ẹ̀dì mi, tó ń wo ẹsẹ̀, tó ń kọ nǹkan, tó ń lọ. Ẹnjiníà gbọ́, ó wá kí mi. Lọ́jọ́ yẹn, dókítà náà dúró. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Òyìnbó ń kọjá lókè orí mi láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sọ́dọ̀ èkejì. Dókítà lọ tán, Ẹnjiníà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Wọ́n máa gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Bí wọn kò bá gé e, yóò gòkè."

Mo ní, "Ṣé kò sí oògùn ni, sà?"

"Ó ti kọjá oògùn."

Ìyá rẹ ń sunkún, kò gbé e síta. Mo wá bi Ẹnjiníà pé, "Kí ló dé tí dókítà ò sọ ọ́ fún èmi tí mo ni ẹsẹ̀?"

Ẹnjiníà wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó ní òun ti sọ ọ́ fún ọ lánàá. Ó ní o dáhùn pé yes, sir."

Wọ́n gé e. Èyí tó kù, o mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ni mo ń jókòó sí báyìí, mò ń bójú tó àwọn ọmọ iṣẹ́, àwọn tó bá fẹ́ kọ́lé sì ń wá bi mí léèrè ohun tí wọ́n máa nílò. Ìyá rẹ ló yí padà jù. Òun tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, ó ti di ẹni tí àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀. Á ní, "Sister, ban gane ba," kò yé mi o, wọ́n á sì tún un sọ. Ó ti mọ ìwọ̀n tùwó tó yẹ mi, ó mọ̀ pé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú àwo. Bí mo bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún àfikún, á kàn wo ẹsẹ̀ mi. Ó ti kọ́ àwọn obìnrin méjì ládùúgbò wa, ọkọ ọ̀kan nínú wọn sì ti ń lo oògùn lójoojúmọ́ báyìí.

N kò ka nọ́ńbà ìmọ̀ràn mọ́, bí wọ́n bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni màá ṣe máa kọ wọ́n.

Àdúà àti oògùn kì í ṣe orogún. Gbàdúà, kí o sì lo ohun tí wọ́n bá fún ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì, kí i dáadáa, kí o sì máa lọ.

Ilé ọkọ rẹ ní owó ju ilé wa lọ. Dúpẹ́ fún un, má sì jẹ́ kí ó tàn ọ́. Owó lè gbé ọ dé iwájú dókítà tó ní àkókò fún ọ. Kò lè bá ọ sọ ohun tó wà nínú ìdílé rẹ fún un. Dókítà tó dára jù l'Ábújá, bí o bá sọ fún un pé kò sí, kò sí náà ni yóò kọ. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ilé ọkọ rẹ ní, o jókòó síbẹ̀ bí èmi ṣe jókòó ní ọsibítù níjọ́sí.

Àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ nílé, maigadi yín, obìnrin tó ń fọṣọ, bí o bá rí i pé ọ̀kan ń mu omi ní ìmukúmu, tó sì ń rù, má rò pé ó mọ̀. Jókòó tì í, fi èdè tó gbọ́ sọ ọ́ fún un. Má sọ ọ́ bí ẹni tó wà lórí àga. Kí o tó kúrò níbẹ̀, ní kí ó tún un sọ fún ọ.

Nọ́ọ̀sì tí ìyá rẹ bá sọ̀rọ̀ nígbà tó padà dé sọ pé àtọ̀gbẹ lè yọjú nínú oyún, pàápàá lára ẹni tí òbí rẹ̀ ní in. Ó lè má ṣe ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀ ṣáájú, wọ́n á tètè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á máa ṣọ́ ọ, ìwọ àti ọmọ, ẹ ó sì là á já. Bí wọn kò bá mọ̀, ọmọ lè tóbi jù nínú, ìbí á sì ṣòro. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ọ̀nà kò wọ́ rárá: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù láàárín ìwọ àti ìtọ́jú.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́. O rò pé wọ́n á ní wọ́n ti fẹ́ ọmọ ilé aláìsàn, àti pé wọ́n á ní òpùrọ́ ni wá pẹ̀lú. Nítorí náà, kí n tó mú bírò, mo ti pe bàbá ọkọ rẹ. Gbọ́ mi dáadáa: n kò sọ ọ̀rọ̀ oyún rẹ, n kò sì sọ ohun tí o sọ fún nọ́ọ̀sì. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹsẹ̀ mi ni mo sọ, nítorí èmi ni mo ni ín.

Mo ní, "Alhaji, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ wá sílé wa. N kò jábọ́ látorí àkàbà. Àtọ̀gbẹ ni mo ní. Òun ló mú ẹsẹ̀ náà lọ."

Ó wá ní, "Kí ló dé tí ẹ fi pa á mọ́ fún wa?"

Mo ní, "Ojú ló tì wá."

Ó ní, "Bàbá Rìsìkátù, ó yẹ kí ẹ ti sọ fún wa ṣáájú nikáà, kí a tó so yìgì."

Mo ní, "Òótọ́ ni, Alhaji. Ẹ má bínú."

Ó ní, "N kò lè sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Màá sọ fún ìyá wọn." Ó bi mí bí mo ṣe ń ṣe sí báyìí, ohun tí mò ń jẹ, bí mo ṣe ń rìn. Mo dá a lóhùn. Ó kí ìyá rẹ, ó sì ní ó dìgbà.

Bó ṣe lọ nìyẹn, n kò fi oyin kún un. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ láàárín ara wọn lẹ́yìn náà. Bóyá wọ́n á fojú mìíràn wò wá fún ìgbà díẹ̀. Kò burú, ara mi gbà á. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a, mo sì yàn án pé kí ó bá a kí ọmọ rẹ tó dé ayé. Ojú tó máa tì wá ti tì wá, ó ti tán. Kò sí ohun tí o tún ń ṣọ́ fún mi.

Má dúró di ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Padà lọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ìyá ọkọ rẹ bá fẹ́ bá ọ lọ, jẹ́ kí ó bá ọ lọ. Sọ fún nọ́ọ̀sì pé o ní àtúnṣe sí ohun tí o sọ níjọ́sí. Yóò bi ọ́ léèrè ta ni. Má wo ojú ẹnikẹ́ni, má sì rẹ ohùn sílẹ̀. Sọ pé, "Bàbá mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti ní in. Wọ́n gé e lẹ́sẹ̀ kan. Ó wà láàyè."

Kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìyá àti ohùn ọmọ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o máa jẹ ẹ̀fọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.